Igi Walnut, Òróró Ọ̀gbọ̀ àti Àkísà: Bí A Ti Ń Pa Igi Ìbọn Láró àti Bí A Ti Ń Dán An

Omi ni ọ̀tá igi. Irin a máa dípẹtà ní gbangba, olówó rẹ̀ a sì tètè rí i. Ṣùgbọ́n igi a máa mu omi níkọ̀kọ̀, a wú nígbà òjò, a súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò là. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe ìbọn ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà kò ṣe ka iṣẹ́ wọn sí èyí tí ó parí nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ igi ìbọn tán. Lẹ́yìn gbígbẹ́ ni pípa láró, lẹ́yìn pípa láró sì ni fífi òróró pa. Iṣẹ́ méjì yìí ni ó ń pinnu bóyá igi náà yóò sin ọmọ-ọmọ ẹni tí ó rà á, tàbí bóyá yóò di igi ìdáná.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹ̀kọ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo ilé tí a ti ń fi òróró pa igi, ìbáà ṣe àga, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn, ìbáà ṣe ẹ̀ka ọkọ́: òróró kan náà tí ń dáàbò bo igi lè jó ilé bí a kò bá mọ ìwà rẹ̀.

IRÚ IGI TÍ WALNUT Í ṢE

Bí a bá dárúkọ walnut ní ilẹ̀ Yorùbá, asálà ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò lọ sí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àwúsá, tí a máa ń sè jẹ. Ṣùgbọ́n asálà kì í ṣe igi tí a lè fi gbẹ́ ìbọn. Ìtàkùn ni, a máa pọ́ mọ́ igi ńlá nínú oko àti nínú igbó. Nítorí pé èso rẹ̀ jọ ti walnut ni àwọn Òyìnbó ṣe fi orúkọ yẹn pè é. Walnut tòótọ́ jẹ́ igi ńlá ti ilẹ̀ tí òtútù máa ń mú, irú méjì ni ó sì lókìkí nínú iṣẹ́ ìbọn. Èkíní ni èyí tí ó ń hù láti àárín gbùngbùn Éṣíà títí dé ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù, tí a sì ti gbìn káàkiri ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìlà dúdú a sì máa là á kọjá. Èkejì ni walnut dúdú, tí ó jẹ́ igi ìbílẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Òun dúdú ju èkíní lọ.

Ohun mẹ́rin ni ó mú kí àwọn oníṣẹ́ ìbọn yan igi yìí láàárín gbogbo igi. Èkíní, kò wúwo jù, kò sì fúyẹ́ jù. Èkejì, kì í tètè là nígbà tí ìbọn bá yìn tí ó sì ta sẹ́yìn lu èjìká. Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti gbẹ dáradára, kì í lọ́ wíwọ́ bí ọ̀pọ̀ igi mìíràn ti í ṣe. Ẹ̀kẹrin, ó gba ọ̀bẹ. A lè gbẹ́ ihò sí i kí ó mọ́, kí irin sì jókòó sínú rẹ̀ láìmì. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí a dá sílẹ̀ ní 1794 tí a sì pa ní 1968, fi walnut dúdú ṣe igi ìbọn àwọn ọmọ ogun fún ìran púpọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1918, igi yìí wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rán àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Boy Scouts láti máa wá a kiri nínú oko àti ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí ìbọn àti nítorí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà fi walnut ṣe igi ìbọn Lee-Enfield wọn, àfi nígbà tí ogun mú kí ó wọ́n, tí wọ́n sì fi igi beech àti birch kún un. Irú ìbọn yìí wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó jagun ní ilẹ̀ Bọ́má láàárín 1943 sí 1945, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òjò ilẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Igi ìbọn tí ó bá mu omi lè wú, kí ó sì ti ọ̀pá irin sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọta kò sì ní lọ sí ibi tí a fojú sùn mọ́. Nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí ẹwà nìkan ni a ṣe ń fi òróró pa igi ìbọn. Ààbò ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ẹwà ni èrè tí ó tẹ̀ lé e.

KÍ A TÓ FI ỌWỌ́ KAN IGI

Ohun àkọ́kọ́ ni kí oníṣẹ́ kí ó rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn. Kí ó ṣí i, kí ó fi ojú wò ó, kí ó sì fi ìka kàn án. Kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí èyí, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ baba rẹ̀. Kí ó sì kó ọta kúrò nínú yàrá tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ó yọ gbogbo irin kúrò lára igi. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń tú ìbọn, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí ó tú ohun tí kò lè tò, ìṣòro ni ó rà fún ara rẹ̀.

Ohun kejì ni kí ó wo igi náà fínnífínní kí ó tó fi ohunkóhun ha á. Ní ara igi ìbọn ogun àtijọ́ a máa ń rí òǹtẹ̀ kéékèèké tí àwọn alábòójútó ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i, láti fi hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì wọ̀nyí ni ìwé ẹ̀rí ìbọn náà. Ẹni tí ó bá fi sáńpépà ha wọ́n nù ti pa ìtàn rẹ́, ó sì ti gé iye owó ìbọn náà kù. Irú igi bẹ́ẹ̀, kí a nù ún mọ́, kí a fi òróró díẹ̀ pa á, kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó wò bákan náà bóyá igi náà ti sán, pàápàá ní ọrùn rẹ̀, níbi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́yìn ibi tí a ti ń fà á kí ó yìn. Aró kì í wo igi tí ó sán sàn. Ńṣe ni yóò bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Ohun kẹta ni láti mú ìdọ̀tí àti òróró àtijọ́ kúrò. Àkísà tí a fi tọpẹntáìnì rẹ a máa tú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi eérú líle, irú èyí tí a fi ń ṣe ọṣẹ, fọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni omi eérú a máa jẹ òróró kúrò, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ iṣan igi náà, a sì máa sọ walnut di dúdú ní ọ̀nà tí kò dára.

Bí igi bá tẹ̀ wọnú níbi tí nǹkan ti gbá a, a kò ní í fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀ wálẹ̀ nítorí ibi kan. Kí a fi aṣọ tútù tí ó mọ́ lé ibẹ̀, kí a sì gbé ayọ́nù gbígbóná lé aṣọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ooru omi yóò wọ inú iṣan igi tí ó tẹ̀, yóò sì mú kí ó wú padà sí ipò rẹ̀. Bí kò bá gòkè tán lẹ́ẹ̀kan, kí a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti gé iṣan igi, tí kì í ṣe pé ó tẹ̀ lásán, ooru kò ní agbára níbẹ̀.

FÍFÁ IGI KÍ Ó JỌ̀LỌ̀

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ewé ìpín fá ère àti ọpọ́n kí ó lè jọ̀lọ̀. Sáńpépà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń sọ bí yanrìn rẹ̀ ti rí: bí nọ́ńbà bá ti ń ga sí i ni yanrìn rẹ̀ ń kúnná sí i. Kí oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 120, kí ó lọ sí 180, kí ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 220. Kí ó wé pépà náà mọ́ igi pẹlẹbẹ kékeré kan, kí ó sì máa fá a lọ sí ibi tí iṣan igi kọjú sí. Bí ó bá fá a níbùú, ojú ìhá náà yóò fara hàn gbangba nígbà tí aró bá kàn án. Níbi tí igi ti pàdé irin, kí ó rọra. Ó yẹ kí igi ga díẹ̀ ju irin lọ níbẹ̀. Bí a bá fá a wálẹ̀ ju irin lọ, kò sí àtúnṣe.

Eruku walnut a máa yún ènìyàn ní imú àti ní awọ ara. Kí ẹni tí ń fá a kí ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ó ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó sì wẹ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Lẹ́yìn èyí, ohun kan wà tí àwọn oníkánjú kì í ṣe, òun sì ni ó ń ya iṣẹ́ ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Kí a fi aṣọ tútù nu gbogbo ara igi, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà tí ó bá gbẹ, yóò dà bí ẹni pé ó hu irùngbọ̀n, nítorí pé omi ti mú kí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí sáńpépà tẹ̀ mọ́lẹ̀ dìde. Kí a fi sáńpépà tí ó kúnná fá irùngbọ̀n yìí kúrò ní pẹ̀lẹ́. Kí a tún fi omi kàn án, kí a sì tún fá a, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi kò fi ní mú un dìde mọ́. Bí a kò bá ṣe èyí nísinsìnyí, aró olómi ni yóò mú wọn dìde níkẹyìn, igi yóò sì le koko lọ́wọ́ nígbà tí ó yẹ kí ó máa dán.

ARÓ

Walnut tí ó dára kò fẹ́ aró rárá. Òróró nìkan yóò fa àwọ̀ rẹ̀ jáde. Ìdí mẹ́ta ni ó lè mú kí a pa á láró. Ó lè jẹ́ pé igi tuntun ni a fi rọ́pò èyí tí ó ṣẹ́, tí a sì fẹ́ kí méjèèjì jọra. Ó lè jẹ́ pé oòrùn ti pa àwọ̀ apá kan dà. Ó sì lè jẹ́ pé apá igi tí ó wà nítòsí èèpo, tí ó funfun, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú apá ti àárín tí ó dúdú, tí ó wá dà bí aṣọ tí a lẹ̀.

Aró àtijọ́ fún walnut ti ara walnut fúnra rẹ̀ wá. Èèpo tútù tí ó bo èso rẹ̀ ni a ń rẹ sínú omi tàbí tí a ń sè, a ó sì sẹ́ ẹ. Omi náà a máa dúdú bí kọfí, a sì máa pa ọwọ́ láró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní ọ̀nà mìíràn: wọn a máa rẹ gbòǹgbò ewéko kan tí a ń pè ní alkanet sínú òróró ọ̀gbọ̀ títí òróró náà yóò fi pọ́n bí osùn, wọn a sì fi í pa igi, kí ó lè ní àwọ̀ pupa jíjinlẹ̀ tí ń tàn láti inú wá. Ọ̀nà kẹta ni ọtí kíkan tí a rẹ ìṣó tàbí irin wẹ́wẹ́ sí. Inú walnut ni ohun kíkorò kan wà, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe awọ fi ń sọ awọ di líle. Bí omi irin yìí bá bá a pàdé, igi a di dúdú lójú ẹsẹ̀. Èyí lágbára púpọ̀, kò sì rọrùn láti pa á rẹ́, nítorí náà kí a fi omi là á dáradára kí a tó dán an wò.

Òfin mẹ́ta ni ó wà fún aró, irú èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́. Èkíní: kí a kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ojú kò ti ní rí i, bíi abẹ́ irin pẹlẹbẹ tí ó bo ìdí ìbọn. Èkejì: ìdí igi àti gbogbo ibi tí a ti gé iṣan rẹ̀ lágbedeméjì a máa mu aró ju ibòmíràn lọ, wọn a sì dúdú jù, kí a kọ́kọ́ fi omi mímọ́ rẹ wọn, kí òùngbẹ wọn lè dínkù. Ẹ̀kẹta: ẹ̀ẹ̀mejì tí ó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tí ó ki lọ. Ẹni tí aró rẹ̀ kò tó lè fi kún un lọ́la. Ẹni tí aró rẹ̀ pọ̀ jù, sáńpépà ni yóò padà sí. Kí a jẹ́ kí aró gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko kí a tó mú òróró.

ÒRÓRÓ TÍ Ń GBẸ ÀTI ÈYÍ TÍ KÌ Í GBẸ

Gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì ni ó mọ aṣọ ọ̀gbọ̀. Ewéko kan náà tí a ń fi okùn ara rẹ̀ hun aṣọ yìí ni a ń fún irúgbìn rẹ̀ láti rí òróró linseed, èyí tí àwọn oníṣẹ́ igi àti àwọn akunlé mọ̀ dáradára. Ohun tí ó mú kí òróró yìí yẹ fún igi ni pé ó ń gbẹ. Ṣùgbọ́n kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Omi a máa fò lọ sínú afẹ́fẹ́, kò sì sí ohun tí ó ṣẹ́kù. Òróró ọ̀gbọ̀ kò fò lọ sí ibì kankan. Ńṣe ni ó ń fa ọ́síjìn mọ́ra, èyí tí í ṣe apá inú afẹ́fẹ́ tí a fi ń mí, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ yí padà kúrò ní olómi di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó le. Bí a bá wọn ọ́n, òróró tí ó gbẹ wúwo ju bí ó ti rí nígbà tí a fi í sí i lọ, nítorí pé ó ti jẹ afẹ́fẹ́ kún ara rẹ̀.

Èyí ni ìdí rẹ̀ tí a kò fi lè fi epo pupa, tàbí àdín, tàbí òróró ẹ̀pà, tàbí òrí ṣe iṣẹ́ yìí. Gbogbo wọn dára fún ohun tí Ẹlẹ́dàá dá wọn fún, ṣùgbọ́n wọn kì í gbẹ. Bí a bá fi wọ́n pa igi ìbọn, wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí, wọn yóò kó eruku jọ, wọn yóò sì máa rùn. Ohun ìyanu ni pé asálà, tí a ti sọ pé kò ní igi, ní òróró tí ń gbẹ: òróró tí a bá fún láti inú èso rẹ̀ a máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, a sì máa le gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀gbọ̀. Òróró èso walnut ti ilẹ̀ òtútù náà rí bẹ́ẹ̀, àwọn ayàwòrán Yúróòpù àtijọ́ sì fi í po ọ̀dà wọn.

Irú òróró ọ̀gbọ̀ méjì ni a ń tà. Èyí tí a kò fi nǹkan kan lù lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì lè kọjá ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó gbẹ. Èyí tí a ń pè ní sísè a máa gbẹ ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bí ó tilẹ̀ ń jẹ́ sísè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní òde òní kò dé orí iná rí. Àwọn èròjà onírin ni a fi sínú rẹ̀ kí ó lè tètè gbẹ. Ní ayé àtijọ́ òjé wà lára èròjà wọ̀nyí, òjé sì jẹ́ májèlé. Nítorí náà kí a má ṣe fi òróró yìí sínú ìgò tí ó jọ ti òróró ìsebẹ̀, kí a sì gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Bí a ti ń fi í pa igi nìyí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a fi tọpẹntáìnì là á ní ìlàjì, kí ó lè wọlé jìn. Kí a fi aṣọ pa á kárí, kí a dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò pátápátá. Nínù kúrò yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Òróró tí ó bá ki, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò gbẹ. Abẹ́ rẹ̀ yóò wà ní tútù nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, yóò sì máa lẹ̀ bí oje igi. Láti ìgbà kejì lọ, kí a da ìwọ̀nba díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí a sì fi ọwọ́ pa á títí igi yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí a dúró títí yóò fi gbẹ dáadáa kí a tó pa òmíràn lé e. Láti dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà lójú igi, kí a fi sáńpépà tí ó kúnná gidigidi fá a nígbà tí òróró kẹta tàbí ìkẹrin ṣì tútù lójú rẹ̀. Eruku igi àti òróró yóò pò pọ̀, wọn yóò sì dí ihò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kò pọ̀ jù. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á dán ìta títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, wọ́n á sì fi inú sílẹ̀ ní gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni inú ihò gbọọrọ tí ọ̀pá irin dùbúlẹ̀ sí, àti ìdí igi lábẹ́ irin pẹlẹbẹ, ni omi ń gbà wọlé jù lọ. Kí a pa ibẹ̀ pẹ̀lú òróró lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní rí i.

ÀKÍSÀ TÍ Ń GBINÁ FÚNRA RẸ̀

A ti sọ pé òróró ọ̀gbọ̀ ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra kí ó tó gbẹ. Nígbà tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ooru ń jáde lára rẹ̀. Lójú igi, ooru yìí kéré, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ká àkísà tí a fi nu òróró jọ sí igun kan, ọ̀ràn yí padà. Òróró ti tàn káàkiri orí fọ́nrán òwú, afẹ́fẹ́ sì ń kàn án níbi gbogbo; ooru ń jáde, kò sì rí ọ̀nà lọ. Ooru ń mú kí òróró tètè gbẹ, yíyára náà sì ń mú ooru púpọ̀ sí i wá. Láàárín wákàtí mélòó kan, àkísà náà lè gbiná láìsí ẹni tí ó ṣá iná sí i, nígbà tí onílé ti sùn.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún 1991, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, iná sọ ní àjà kejìlélógún nínú ilé gíga kan tí a ń pè ní One Meridian Plaza, tí ó ní àjà 38. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dán igi ara ògiri níbẹ̀, wọ́n sì fi àkísà tí ó kún fún òróró ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ sílé. Iná náà jó ju wákàtí méjìdínlógún lọ, ó sì gba àjà mẹ́jọ. Àwọn panápaná mẹ́ta pàdánù ẹ̀mí wọn. Àjà ọgbọ̀n ni a ti dá iná náà dúró, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tú omi láti òkè àjà wá. Ẹnu omi mẹ́wàá péré ni ó ṣe ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kò lè ṣe. Wọ́n kò lè lo ilé náà mọ́, wọ́n sì wó o nígbẹ̀yìn. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí jẹ́ àkísà tí ẹnì kan lè dì mú ní ọwọ́.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé olókùúta, kí ni kí a sọ nípa ahéré oníkoríko nígbà ọyẹ́, tàbí abà tí a kó òwú tàbí àgbàdo gbígbẹ sí? Ìtọ́jú rẹ̀ kò ná owó kankan. Kí a tẹ́ àkísà kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan ṣoṣo síta gbangba, kí a sá a sórí okùn tàbí sórí òkúta, jìnnà sí koríko àti ilé, títí yóò fi le gan-an. Àkísà tí ó ti le tán, òróró rẹ̀ ti gbẹ, ewu rẹ̀ sì ti kọjá. Tàbí kí a rì í sínú agolo onírin tí ó kún fún omi, kí a sì dé e, títí a ó fi rí ààyè kó o dànù. A kò gbọdọ̀ ká a jọ, a kò gbọdọ̀ kì í sínú àpò, a kò sì gbọdọ̀ jù ú sórí ààtàn ẹ̀yìn ilé. Bákan náà ni eruku sáńpépà tí òróró ti rẹ. Ìkìlọ̀ yìí kan gbogbo káfíńtà tí ń fi òróró ọ̀gbọ̀ dán àga ìjọ àti tábìlì ilé ẹ̀kọ́, ó sì kan gbogbo òróró tí ń gbẹ lọ́nà bẹ́ẹ̀, títí kan ti asálà.

ÌTỌ́JÚ LÁTI ỌDÚN DÉ ỌDÚN

Àwọn oníṣẹ́ ìbọn àtijọ́ a máa wí pé kí a pa igi ìbọn ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, ní oṣooṣù fún ọdún kan, àti ní ọdọọdún títí láé. Kò di dandan kí a ka ọjọ́ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ní ojú ọjọ́ tí ó tutù òróró lè má gbẹ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n òye inú rẹ̀ tọ́. Òróró ọ̀gbọ̀ kì í dí ojú igi pátápátá bí fáníìṣì. A máa fa omi sẹ́yìn ni, kì í lé e lọ. Fáníìṣì a máa dí i dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá sán, omi a gba ojú sísán náà wọlé, a sì bo ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Àǹfààní òróró ni pé a lè tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, láìha ohunkóhun kúrò.

Bí òjò bá pa ìbọn, kí a nu igi rẹ̀, kí a sì fi í sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kí a má ṣe gbé e sí ẹ̀bá ààrò tàbí sínú oòrùn gangan. Ojú rẹ̀ yóò gbẹ ṣáájú inú rẹ̀, yóò sì là. Nígbà tí òjò bá kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, ni àkókò tí ó dára jù láti fún un ní òróró ti ọdún náà: ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, kí a pa á wọlé, kí a sì nu ìyókù kúrò.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí oníṣẹ́ ka àkísà rẹ̀ kí ó tó ka owó rẹ̀. Bí ó bá mú márùn-ún wọ yàrá, kí márùn-ún wà lórí okùn níta kí ó tó ti ilẹ̀kùn.